Sójà Tó Mọ Ẹ̀rọ, Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Rẹ̀?

Ẹ̀rọ ńlá kì í gbéra lọ bá ẹni tó máa tún un ṣe. Kírénì èbúté Abidjan, lífítì àwọn ilé gogoro ní Plateau, yàrá yìnyín àwọn oníṣòwò ẹja, jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Yopougon, òpó fóònù tó dá dúró láàárín oko kòkó: ibi tí wọ́n bá dákú sí ni èèyàn gbọ́dọ̀ lọ bá wọn. Iṣẹ́ àtúnṣe yìí ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí fún sójà tó fẹ́ bọ́ṣọ sílẹ̀. Wọ́n á ní ó mọ ẹ̀rọ, kò bẹ̀rù òru, ó sì mọ àṣẹ í pa mọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́.

Ìjọba Côte d'Ivoire ti gbìyànjú tirẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò ààrẹ níbẹ̀, wọ́n dá àjọ ADDR sílẹ̀ ní 2012 láti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn jagunjagun tí orúkọ wọn tó 74,000, kí ó sì wá nǹkan ṣe fún wọn. Ní 2015 àjọ náà kógbá wọlé. Ní òpin 2017, sójà bí 1,000 gbowó, wọ́n sì fínnúfíndọ̀ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Owó gọbọi tètè ń di takisí tàbí bọ́ọ̀sì gbaka. Kò wọ́pọ̀ kó di àpótí irinṣẹ́. Ká má tan ara wa, ìfọ̀kànbalẹ̀ ìlú ni wọ́n fi owó bẹ́ẹ̀ rà.

Ṣùgbọ́n lórí ìwé ẹ̀rí gan-an ni ìjà wà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ológun Bingerville, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ìwé yín pé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nídìí ọkọ̀ akẹ́rù nínú bárékè ni mò ń bá wí. Ó lè tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kó sì tò ó padà, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní BTS ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Faransé, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ológun gbà ló wà nínú àkójọ ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí, agbanisíṣẹ́ á sì ti mọ ipele tí wọ́n wà. Nàìjíríà ní tirẹ̀ ń kó àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ sí NAFRC, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ológun ní Oshodi, láti fi oṣù mélòó kan kọ́ṣẹ́. Oṣù mélòó kan! Ọmọ Èjìgbò tó ń kọ́ṣẹ́ ní Adjamé l'Abidjan ń lo ọdún mélòó kan kí ọ̀gá rẹ̀ tó yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọ̀gá yẹn sì ni ẹlẹ́rìí. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ọmọ náà mọ́, á lọ bi ọ̀gá, ọ̀rọ̀ á tán. Ọ̀gá ti sójà ńkọ́? Wọ́n ti gbé e lọ sí Korhogo lápá àríwá.

Àwọn tó ń béèrè ìwé kò jẹ̀bi tán o. Ẹ́ńjìnì òde òní kò gbọ́ ti sípánà nìkan. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ àìsàn rẹ̀, ẹni tó sì lọ kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ni wọ́n sábà ń fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ológun àtijọ́ kò kọ́ni nírú èyí. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó sọ pé sójà kò lè fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìwé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi í ṣọ́ géètì tí jẹnẹrétọ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ti àṣẹ pípa mọ́ wá ńkọ́? Ẹni tó dá wà ní èbúté San-Pédro pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dákú, tí máníjà ń pariwo lé e lórí nítorí iṣẹ́ ti dúró, tí páàtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í sì í ṣe èyí tó béèrè, kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ fún un. Ó gbọ́dọ̀ pinnu fúnra rẹ̀, kó pẹ̀tù sí máníjà nínú, kó sì kọ ìròyìn tó máa dáàbò bò ó lọ́la. Nínú bárékè, ẹni tó bá ṣe ohun tí wọn ò rán an, ìyà ló ń jẹ. Mo gbà pé sójà tó máa wúlò jù nídìí iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ibùdó jíjìnnà, tó ń fi ohun tó bá rí mú rédíò àti jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ bi í pé nígbà tí páàtì tán, tí ọ̀gá ò sì sí nítòsí, kí ló ṣe?

Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tẹ́ agbanisíṣẹ́ lọ́rùn, ta ni yóò san owó kọ́ọ̀sì? Ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rù pé bó bá gba ìwé tán, yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Àwọn tó bá fẹ́ sanwó náà á ní kó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní kúrò lọ́dọ̀ wọn fún iye ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni.