Olú Ẹsẹ̀ Adìẹ àti Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Lára ìtì igi tí ó ti kú, tí òjò ń pa ní ẹ̀yìn ọgbà iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Agége, a lè rí olú kékeré kan tí ó funfun bí eérú, tí abẹ́ rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ adìẹ ni Yorùbá ń pè é. Schizophyllum commune ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Láti ara olú yìí ni àwọn ará Jàpáánì ti fa oògùn kan yọ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 1969 ni ìròyìn ìwádìí lórí ṣúgà inú rẹ̀ jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Goro Chihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa lentinan, èyí tí ó wá láti ara olú shiitake. Nínú eku tí a fi dán wọn wò, àwọn ṣúgà wọ̀nyí dí ìdàgbà kókó jẹjẹrẹ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara ni wọ́n ń jí.

Báwo ni ṣúgà ṣe ń jí ẹ̀ṣọ́? Olùkọ́ lè fi fùfú ṣe àpẹẹrẹ. Glúkóòsì ni a so pọ̀ di sítáàṣì inú fùfú. Glúkóòsì náà ni a so pọ̀ di ṣúgà olú. Ọ̀nà ìsopọ̀ ni ó yàtọ̀: ti fùfú jẹ́ alfa, ti olú jẹ́ beta. Ẹ́ńsáìmù inú ìfun wa lè já ti àkọ́kọ́, kò lè já èkejì. Nínú ti ẹsẹ̀ adìẹ, lórí glúkóòsì mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ̀ka kan ń yọ, okùn mẹ́ta a sì lọ́ mọ́ra bí irun dídì. Ìsopọ̀ beta yìí ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ̀ pé olú tàbí ìbátan rẹ̀ ti wọ inú ara, ara yóò sì gbáradì.

Abẹ́rẹ́ ni oògùn méjèèjì tí Jàpáánì fọwọ́ sí láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ti ẹsẹ̀ adìẹ wà fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, pẹ̀lú ìtọ́jú onítànṣán. Lentinan wà fún ti àpòlúkù, pẹ̀lú oògùn mìíràn. Kò sí èyí tí a ní kí ó dá ṣiṣẹ́.

Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní 1956 ní Oṣòdì, ń kọ́ni ní bí a ṣe ń gbin olú jíjẹ. Iṣẹ́ rere ni, oúnjẹ ni. Ìyọnu dé nígbà tí ẹnìkan bá lọ olú, tí ó rọ ọ́ sínú ìgò, tí ó sì ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Obìnrin tí kókó wà lọ́yàn rẹ̀ lè tìtorí ìgò náà má tètè dé LASUTH ní Ìkẹjà, kókó kò sì ní dúró dè é. Lára ọ̀pọ̀ àgbo inú ìgò tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, a fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí a sọ nípa oògùn náà wò. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú irú ìgò bẹ́ẹ̀ kan wá sí kíláàsì, kí ó ka ibẹ̀ sókè.