Wọ́n ń fi lífítì ṣe fàájì lókè òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó

Ní Abúlé Adó, ládùúgbò Festac nínú ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ga ju ohun tí àtẹ̀gùn lè kápá lọ. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn á fọwọ́ ti ògiri, á sinmi díẹ̀ lájà kìíní, á tún máa bọ́ ọ lọ. Ọjọ́ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wọ mọ́tò dé Mile 2, tó wá wọ rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Marina lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọjọ́ náà ló máa bá àwọn ilé gogoro pàdé. Wọ́n á ní kó wọnú àpótí irin kan, ilẹ̀kùn á pa dé, àpótí á sì gbé e lọ sókè. Lífítì nìyẹn, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Kí ilẹ̀kùn náà tó pa dé tán, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á ti máa gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

Ohun tó máa ya irú wọn lẹ́nu ni pé àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé nítorí lífítì nìkan ni wọ́n ṣe ń jáde nílé. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ kí lókè, wọn kò sì níṣẹ́ kankan ní ọ́fíìsì ibẹ̀. Wọ́n á kàn wọlé, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á gùn ún dé òkè pátápátá, wọ́n á tún bá a sọ̀ kalẹ̀. Kámẹ́rà á wà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo àkókò náà tí wọ́n fi ń ká ohun gbogbo sínú fídíò. Wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì wà ní Hong Kong níbi tí ilé gíga ti pọ̀ bí ewé.

Ọ̀kan lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ni Andrew Reams, ará ìlú Roanoke ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí wọ́n mọ̀ sí DieselDucy lórí YouTube. Fídíò lífítì tó ti gbé síbẹ̀ pọ̀ kọjá kèrémí, àwọn tó sì ń wò ó kì í ṣe èrò kékeré. Reams ti sọ ní gbangba pé òun ní autism, ìyẹn ìṣẹ̀dá tó máa ń jẹ́ kí ọkàn ẹlòmíràn fà mọ́ ohun kan ṣoṣo gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní irú ìṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e, tí inú àwọn òbí wọn sì ń dùn pé ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ti rí ohun tó lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Etí àwọn èèyàn wọ̀nyí mú. Bí lífítì bá ṣe ń dún nìkan ti tó fún wọn láti mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá Otis ni tàbí Schindler tàbí Kone. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú lífítì àtijọ́ kan dànù kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sáré lọ yà á kó tó kúrò nílẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín kọ́kọ́ rántí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà lọ́dún 1965, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà: alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Ẹni tó bá fẹ́ rí ṣóńṣó orí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, fìlà rẹ̀ á já bọ́. Wọ́n ń kó ọmọ iléèwé lọ wò ó, àlejò tó bá sì ti oko wọ ìlú kò gbọdọ̀ padà sílé láìdé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi lífítì gbé sókè, tó wo àwọn páànù Ìbàdàn nísàlẹ̀, ìtàn tó máa sọ lábúlé kì í tán bọ̀rọ̀. Kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn oníkámẹ́rà òkè òkun ń ṣe lónìí, àfi pé ẹnu ni tiwọn fi ń ròyìn. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pe ilé náà, orúkọ yẹn sì bá a mu, nítorí owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí kò gun lífítì rí láyé rẹ̀ ló sanwó rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1985, iná jó Ilé Kòkó. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán tí wọ́n sì ṣí i padà. Irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Marina l'Ékòó lọ́dún 1983, níbi tí iná ti jó ilé alájà 32 tí wọ́n ń pè ní NECOM House, èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ 160 mítà. Láti 1979 ni wọ́n ti parí rẹ̀, orí rẹ̀ sì ni iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ èbúté wà. Bí iná bá ń jó nínú ilé, pàkúté ni lífítì. Àtẹ̀gùn ni kí èèyàn bá wá sílẹ̀.

Bí a bá yọ ti iná kúrò, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ní New York lọ́dún 1854, Elisha Otis dúró sórí pákó kan tí okùn fà sókè lójú ọ̀pọ̀ èrò níbi ìpàtẹ ńlá, ó sì ní kí wọ́n gé okùn náà. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Pákó náà kàn yẹ̀ díẹ̀, ó dúró gbọnin, nítorí irin eléyín tí Otis fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti há a mọ́lẹ̀. Irú ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n ṣì ń lò. Wáyà irin tó ń gbé lífítì ńlá kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n máa ń tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹyọ kan nínú wọn sì lè gbé àpótí náà tòun ti èrò inú rẹ̀. Irin wíwúwo kan wà ní ìdákejì wáyà náà, tí òun àti àpótí jọ ń lọ bí garawa méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan lẹ́nu kànga: bí ọ̀kan ṣe ń wọlẹ̀ ni èkejì ń gòkè. Bíréèkì rẹ̀ pàápàá, iná mànàmáná ló ń ṣí i. Bí iná bá ti lọ, ṣe ló máa dì mú fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí NẸ́PÀ bá múná lọ, lífítì tó dára kì í já. Ibi tó dé ló máa dúró sí.

Ó ní láti jẹ́ èyí tó dára o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan, Vwaere Diaso, wà nínú lífítì ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Odan, Lagos Island, nígbà tó já wálẹ̀ láti òkè. Dókítà náà kú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń pariwo pé lífítì náà kò dára, tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu pàṣẹ ìwádìí, ó sì ní kí ọ̀gá àgbà àjọ tó ń bójú tó àwọn ohun amáyédẹrùn ìjọba ìpínlẹ̀ lọ rọ́kún nílé. Láti ìgbà náà, àwọn kan wà l'Ékòó tó jẹ́ pé bí ilé ga tó, àtẹ̀gùn ni wọ́n máa gùn.

Ta ló máa bá wọn wí? Fàájì tí Reams àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kò ṣeé ṣe bí kò bá sí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó dé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ yẹ lífítì wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì fún onílé ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń ya fídíò mọ ìwé yìí dáadáa. Wọ́n máa ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Níbí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà sókè nínú lífítì ilé iṣẹ́ ńlá, sẹ́kíórítì á ti béèrè ohun tó ń wá. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ gbàṣẹ ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí èrò má béèrè lọ́wọ́ sẹ́kíórítì kan náà pé ìgbà wo ni wọ́n tún lífítì yìí ṣe kẹ́yìn.

Bí ó bá dúró sáàárín ọ̀nà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má fipá ya ilẹ̀kùn, kó má sì gbìyànjú láti bẹ́ jáde. Bí àpótí náà bá ṣàdédé gbéra nígbà tí èèyàn ń yọ́ jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ sínú kòtò tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó lè gbabẹ̀ kú. Afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, kò séèyàn tó máa tìtorí pé ilẹ̀kùn pa dé kó má rí èémí mí. Kó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya agogo sí, kó jókòó sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń wárìrì, kó sì dúró de àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. L'Ékòó, ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè pe 767 tàbí 112, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìpè náà.