Nígbà Tí Púlọ́ọ̀gì Kò Bá Ihò Ògiri Mu

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kan ẹnikẹ́ni tó ti yáwó ẹgbẹ́ ra fíríìsà, tàbí tó ń gbèrò láti rà á. Ó kan télọ̀ tó ń lo áyọ́ọ̀nù, ó kan onídìrí tó ń lo ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun, ó sì kan ẹni tó ń ta omi tútù lẹ́bàá ọ̀nà.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí à ń rà ní Kíṣì àti káàkiri Òkè-Ògùn, tòkunbọ̀ ni. Òmíràn gba Èkó wọlé, òmíràn gba Kútọnù wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí a bá gbé e délé, a lè rí i pé ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò bá ihò ara ògiri wa mu. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? Ẹlòmíràn á fi bírò ṣí ihò òkè, á sì ti púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọ ihò ìsàlẹ̀ tipátipá. Ẹlòmíràn á gé púlọ́ọ̀gì náà sọ nù, á hó wáyà lára, á kì í bọ ihò, á wá fi igi ìṣáná há a. Iná á dé, ẹ̀rọ á máa dún, a ó ní ó ti parí. Kò tíì parí o! Pé púlọ́ọ̀gì wọ ihò kò ní kí iná bá ẹ̀rọ mu. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà.

KÍ LÓ MÚ KÍ PÚLỌ́Ọ̀GÌ YÀTỌ̀ SÍRA?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ṣe tirẹ̀ bó ti wù ú. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa ti wá. Èyí àtijọ́ ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta roboto tí a ṣì ń rí nínú àwọn ilé tó ti pẹ́. Èyí tó tóbi nínú wọn ń gba áńpù 15. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tí ń gba áńpù 13. Ní 1947 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde, ó sì ní fíúsì kékeré nínú ikùn. Ti Jámánì ní ẹsẹ̀ roboto méjì, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wáyà ilẹ̀. Ti Faransé, tí wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀, fara jọ ọ́. Ti Amẹ́ríkà ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì bí abẹ; òmíràn a máa ní ẹ̀kẹta roboto.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: FÓÒTÌ MÉLÒÓ?

Kí á tó wo ẹnu púlọ́ọ̀gì rárá, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Iná tiwa jẹ́ fóòtì 230. Àwọn àgbà oníṣẹ́ iná mọ̀ ọ́n sí 240. Ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Jámánì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ni a sábà máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n fóòtì 120 ni ti Amẹ́ríkà, 100 ni ti Jàpáánì. Bí a bá gé púlọ́ọ̀gì fíríìsà Amẹ́ríkà, tí a fi tiwa sí i, iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó yẹ ẹ́ ni a dà lé e lórí. Kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò láìsí tiransífọ́mà tí ń sọ 230 di 110. Agbára tiransífọ́mà náà gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa, nítorí pé nígbà tí mọ́tọ̀ fíríìsà bá ń gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ìgbà tó bá ti ń lọ geere. Ohun kan tún wà tí tiransífọ́mà kò lè tún ṣe. Iná Amẹ́ríkà ń mì nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50. Mọ́tọ̀ tí a ṣe fún 60 nìkan á máa lọ́ra níhìn-ín, á sì máa gbóná jù. Nítorí náà, ẹ wá 50 Hz tàbí 50/60 Hz lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: ÁŃPÙ MÉLÒÓ?

Ẹ fi iná wé omi inú páìpù. Fóòtì ni agbára tí ń ti omi náà, áńpù ni bí omi tí ń kọjá ṣe pọ̀ tó, wáyà sì ni páìpù. Láti mọ áńpù ẹ̀rọ, ẹ fi 230 pín wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára. Kẹ́tù wáàtì 2,000 ń gba bíi áńpù 9. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 ń gba díẹ̀ ju 4 lọ. Púlọ́ọ̀gì áńpù 13 kò lè gbà ju nǹkan bíi wáàtì 3,000 lọ, kódà bí ihò mẹ́fà bá wà lórí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tí a so mọ́ ọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní ọkọ̀ ojú omi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní èbúté, inú ihò áńpù 30 ni ọkọ̀ wọn ti sábà máa ń gba iná. Nígbà òtútù, wọ́n á fà á gòkè, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sí àgbàlá, níbi tí ihò ilé lásán ti jẹ́ áńpù 15. Ẹnu méjèèjì kò bára mu, ni wọ́n bá ń ta ádápítọ̀ tí ń so wọ́n pọ̀. Iná á wọ inú ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò áńpù 15 kò tìtorí ádápítọ̀ di 30. Ẹni tó gbọ́n nínú wọn á fi iná náà sí bátìrì nìkan, á pa ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Bákan náà ni tiwa ní Kíṣì: ádápítọ̀ ń yí ẹnu padà ni, kì í fi agbára kún wáyà.

Ẹ wo wáyà náà pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 0.75 sí lára kò yẹ kó gbà ju áńpù 6 lọ. Èyí tí wọ́n kọ 1.5 sí lè gba bíi 15. Wáyà tí a ká jọ máa ń gbóná kíákíá, nítorí náà ẹ tú u sílẹ̀. Ní ti fíúsì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá fi ìwé dídán inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ lọ, ó sì ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìjàǹbá.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: WÁYÀ ILẸ̀ ŃKỌ́?

Wáyà ilẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà bá bó nínú fíríìsà tó sì kan ara irin, ẹ́ẹ̀tì ló máa gbé iná náà sálẹ̀ kí fíúsì lè já. Bí kò bá sí, ara fíríìsà á gba iná mọ́ra, á máa dúró de oníbàárà tí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹni tó fi bírò ṣí ihò fún púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì irú ti Jámánì ti pàdánù ẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ẹ tún rántí pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ilẹ̀ máa ń gbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa. Irin tí a rì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ jìn.

Àwọ̀ wáyà tún ń tan ni jẹ. Nínú ilé wa àtijọ́, pupa ni láìfù tí ń gbé iná wọlé, dúdú ni níútírà, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì. Nínú wáyà ẹ̀rọ òde òní, àwọ̀ ilẹ̀ ni láìfù, búlúù ni níútírà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni láìfù, funfun ni níútírà! Ẹni tó bá so dúdú mọ́ dúdú láìbéèrè ti so láìfù mọ́ níútírà.

WÁYÀ OLÓRÍ MÉJÌ

Àṣà kan wà tó burú ju gbogbo èyí lọ. Bí iná bá lọ, àwọn kan á mú wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì lórí méjèèjì, wọ́n á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ ihò ògiri kí gbogbo ilé lè mọ́lẹ̀. Bí orí kan bá yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà níta ní iná lára, ọmọdé sì lè dì í mú. Iná náà tún lè gba mítà jáde lọ sí òpó. Tiransífọ́mà àdúgbò lè sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó, tó rò pé iná ti kú. Bí iná NEPA bá sì padà dé lójijì (a ṣì ń pè é ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti yí padà láti 2005), jẹnẹrétọ̀ á jóná. Ṣéńjì-ófà ni ká lò, èyí tí kì í jẹ́ kí iná méjèèjì pàdé. Oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ ni kó bá wa fi í sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á ka owó ọ̀rọ̀ yìí. Púlọ́ọ̀gì tó dára, wáyà tó nípọn, ṣéńjì-ófà àti owó oníṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò tó owó fíríìsà kan. Bí a bá ń kọ̀wé fún owó ẹ̀yáwó láti ra ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí á ka ìwọ̀nyí mọ́ iye tí a ó béèrè. Fíríìsà lè jóná, ọjà inú rẹ̀ lè bàjẹ́, ṣọ́ọ̀bù lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n gbèsè kì í bá wọn jóná. Àwọn onídùúró ẹni ni yóò kù tí wọn yóò máa san án. Ẹ béèrè fóòtì, ẹ béèrè áńpù, ẹ béèrè ẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ ihò ògiri. A ó máa ríra o.