Onílé, Ayálégbé àti Ààlè: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìsokọ́ra Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ní Ajíbọ́dẹ, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ àríwá Yunifásítì Ìbàdàn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ilé tí wọ́n kọ́ fún ayálégbé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí àyè nínú ọgbà Yunifásítì a máa yá yàrá níbẹ̀. Orùlé kan lè bo yàrá mẹ́wàá, kí gbogbo wọn sì máa pọn omi nínú kànga kan. Síbẹ̀ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ohun tí ẹnì kan ń sè nínú yàrá rẹ̀ kò sì kan ẹni tí ó wà ní yàrá kejì. Ẹni tí ó bá lóye irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lóye ìdajì ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi sáfà kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ìdajì kejì, èyí tí í ṣe bí àwọn tí ń gbé inú ilé náà ṣe ń bá ara wọn àti ará ìta sọ̀rọ̀, ni ó le jù. Òun náà ni ọ̀rọ̀ ìperí Yorùbá kò tíì dé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ IBM bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò CP-40 ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ètò tí ó mú kí kọ̀ǹpútà ńlá kan dà bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lójú àwọn tí ń lò ó. Ní ọdún 1972 wọ́n kéde VM/370 fún àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé: wọ́n dá ilé iṣẹ́ VMware sílẹ̀ ní 1998, Xen jáde láti Yunifásítì Cambridge ní 2003 (Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí, kí òǹkàwé má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà), KVM sì di ara Linux ní 2007. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 kò lè kan irú nǹkan báyìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ìlànà tí ó yẹ fún irú iṣẹ́ yìí ni pé kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀dá ṣe é lò nínú gbólóhùn, kí ó sì ṣe é so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ẹni tí ń túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni "kọ̀ǹpútà èké" tàbí "kọ̀ǹpútà òjìji". Méjèèjì kò dára. Òjìji kì í tọ́jú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ èké kì í jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ kàn yìí ń tọ́jú, ó sì ń jíṣẹ́, ẹni tí ó bá sì wọ inú rẹ̀ lọ́nà àìtọ́ ti wọlé olówó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá kọ́ pé èké ni kò ní rántí ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. "Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà" sàn jù wọ́n lọ fún àlàyé, àmọ́ ó gùn, kò sì rọrùn láti so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Ayálégbé" ni ó yẹ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni wọ́n fi kún "yá ilé gbé", gbogbo ẹni tí ń gbọ́ Yorùbá ni ó sì mọ̀ ọ́n. Sáfà tí ó gbà wọ́n sílé di "onílé". Ètò tí ń pín àyè fún wọn, tí ó ń rí i pé ẹnì kan kò gba ti ẹnì kejì, di "alámòójútó". Gẹ̀ẹ́sì pe ayálégbé ní àlejò, ṣùgbọ́n àlejò nílẹ̀ Yorùbá a máa jẹ nínú ìkòkò onílé, kì í sì í ní kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà yìí kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti wọn ìpín tirẹ̀ fún un kí ó tó jí, bíi ìwọ̀n báyìí nínú iyè ẹ̀rọ àti ìwọ̀n báyìí nínú àká ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń jiyàn pé orúkọ ènìyàn kò tọ́ sí ohun èlò, kí ó rántí ìyá ìlù, kí ó rántí ọmọ ọlọ.

Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ajíbọ́dẹ ní sáfà kan ṣoṣo, tí wáyà kan sì so ó mọ́ ìta. Ayálégbé mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń tọ́jú èsì ìdánwò, èkejì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé, ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta yìí ni ewu wà. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ a máa ba nǹkan jẹ́, ó sì tọ́ kí wọ́n fún un láyè láti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ èsì ìdánwò ni yóò bà jẹ́.

"Ìsokọ́ra" ni ọ̀rọ̀ tí ó ti ń fìdí múlẹ̀ fún ètò tí ó so kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé síso pọ̀ nìkan ni ó ń sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé yíyà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀. Ibi tí àwọn ayálégbé ti ń pàdé gan-an ni ó nílò orúkọ. Afárá ni Linux pè é. Afárá Yorùbá so bèbè odò méjì pọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ń so mẹ́ta, mẹ́wàá tàbí ogún. "Oríta" bá a mu jù: ibẹ̀ ni ọ̀nà gbogbo ti pàdé, ibẹ̀ náà ni ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yà sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ìwúlò orúkọ yìí hàn lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n a fún ayálégbé kan ní àdírẹ́ẹ̀sì 10.0.1.5, wọ́n a fún èkejì ní 10.0.2.5, wọ́n a sì rò pé àwọn ti yà wọ́n, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà ní oríta kan náà. Nọ́ńbà ara ilé kì í ṣe ògiri. Ẹni tí ó ní àṣẹ nínú ayálégbé kan lè yí nọ́ńbà tirẹ̀ padà nígbàkigbà, kí ó sì máa kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oríta ni ó ń yani sọ́tọ̀ yóò la oríta méjì.

Oríta náà kò rí bákan náà. Òmíràn wà tí kò ní ọ̀nà àbájáde rárá. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó tán. Òmíràn ni wọ́n so mọ́ wáyà ìta ní tààrà, tí ará ìta sì ń rí ayálégbé bí ẹni pé kọ̀ǹpútà gidi ni lórí tábìlì. Láàárín méjèèjì ni èyí tí onílé ti jẹ́ "agbẹnusọ": ayálégbé sọ̀rọ̀, onílé fi àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ gbé e jáde, èsì dé, onílé dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Irú èyí ni libvirt máa ń là sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.122, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1996 fún ìlò abẹ́lé. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, agbẹnusọ tó. Èsì ìdánwò kò nílò ju oríta tí kò ní àbájáde, àyàfi ọ̀nà tóóró kan fún akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ni ó jáde. Bí ìsokọ́ra méjì bá gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá láìdàpọ̀, àmì ni wọn yóò fi sára ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà 802.1Q tí ó jáde ní 1998 fi báìtì mẹ́rin kún ìdì, bíìtì 12 nínú wọn sì jẹ́ nọ́ńbà ìsokọ́ra, èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ fún 4094. Nígbà tí ìyẹn kò tó àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá mọ́, VXLAN dé ní 2014 pẹ̀lú bíìtì 24, àyè fún ju mílíọ̀nù 16 lọ. Kí ni kí Yorùbá pe àmì yìí? "Ilà" kò tọ́: ilà ojú ń bá ènìyàn dé ibojì, àmì yìí ni wọ́n sì máa ń yọ kúrò kí ìdì tó wọlé ẹni tí ó ni ín. "Ààlè" ni. Ẹni tí ó ni igi ìdáná létí oko ni í fi ààlè lé e, òun náà ni í mú un kúrò. Ó ń sọ pé nǹkan yìí ní olówó, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kankan nínú. Agbára rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń bọ̀wọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì 802.1Q. Kò fi ọ̀rọ̀ inú ìdì pamọ́. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan wáyà náà láàárín ọ̀nà lè ka gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ewu yìí nínú orúkọ rẹ̀. Ààlè sọ ọ́.

Ètò tí ń yẹ ìdì wò lẹ́nu ọ̀nà ni Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ògiri tí ń dá iná dúró pè. Àgbẹ̀ Akínyẹlé mọ bí wọ́n ti ń ro etí oko kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èyí kò dá gbogbo nǹkan dúró. Ó ń bèèrè, ó ń gba àwọn kan, ó ń lé àwọn kan padà. Oníbodè ni.

Oníbodè sì ṣe pàtàkì nítorí ohun kan tí àwọn ìwé ìkọ́ni kì í tẹnu mọ́ tó. Bí onílé bá ní àdírẹ́ẹ̀sì ní oríta méjèèjì, tí wọ́n sì ti gbà á láyè láti máa gbé ìdì láti ọ̀nà kan sí èkejì, onílé fúnra rẹ̀ yóò máa ru ọ̀rọ̀ láti yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yàrá èsì ìdánwò. Oríta méjì wà, ògiri wà, ààlè wà, síbẹ̀ ọ̀nà ti là gba inú pálọ̀ onílé. Àyè yìí ni agbẹnusọ nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá la oríta agbẹnusọ kan ti lè ṣí ọ̀nà yìí láìmọ̀. Iṣẹ́ oníbodè ni láti kọ̀ ọ́ láàárín oríta méjèèjì kí ó sì gbà á sí ìta.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ìgbìmọ̀ ìperí yóò jiyàn lé. Pàápàá láti ìgbà tí Docker ti jáde ní 2013, àwọn ènìyàn ń pín kọ̀ǹpútà lọ́nà mìíràn, tí gbogbo olùgbé ń lo ọkàn ètò kan náà tí í ṣe ti onílé. Oríta àti agbẹnusọ wà fún wọn bákan náà, ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé ni ó wà láàárín wọn, kì í ṣe ògiri. Kò yẹ kí wọ́n jẹ́ orúkọ ayálégbé.