Orúkọ Ọmọ àti Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni orírun orúkọ Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí òǹkàwé wa: ọmọ ọba ń jẹ́ Adé, ọmọ awo ń jẹ́ Ifá, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń jẹ́ Ògún, ọmọ onílù ń jẹ́ Àyàn, ọmọ eléégún ń jẹ́ Ọ̀jẹ̀. Orúkọ baba tí a ń kọ tẹ̀lé orúkọ ẹni ni kò pẹ́ láàrin wa, ìwé ìrìbọmi àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló sì sọ ọ́ di dandan. Àjàyí tí a kó lẹ́rú ní Òṣóògùn lọ́dún 1821 gba orúkọ Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi lọ́dún 1825, síbẹ̀ kò sọ Àjàyí nù. David Brown Vincent ní tirẹ̀ bọ́ orúkọ àjèjì sílẹ̀ lọ́dún 1894, ó di Mojọlá Agbebí, ohun tí ó ṣe náà sì wù wá púpọ̀.

Kíka ọjọ́

Láyé àwọn baba wa, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún gbogbo ọmọ. Ọjọ́ tí a bí ọmọ gan-an la fi ń ka ení, nítorí náà kí ẹni tí ń ṣírò fi 6 kún ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin, 7 kún ti ìbejì, 8 kún ti ọmọkùnrin. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọjọ́ Àìkú ni tirẹ̀. Bí ìbejì ni, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí tí a bí ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà, tí a fẹ́ sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, di ọjọ́ 3 oṣù Igbe.

Àmútọ̀runwá

Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe èyí tí òbí ń yàn. Ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè. Èyí tó dojúbolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí ìwọ́ gbé kọ́ lọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí a bí pẹ̀lú àpò tí kò ya ni Òkè. Èyí tí ìyá rẹ̀ lóyún láì rí nǹkan oṣù ni Ìlọ̀rí. Èyí tó ní ìka mẹ́fà ni Olúgbódi. Onírun jíjọ ni Dàda. Táíwò ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, Àlàbá tẹ̀ lé Ìdòwú. Kí bàbá ọmọ bi agbẹ̀bí léèrè bí ọmọ ti wáyé kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, nítorí ìyá tí ń rọbí kò lè rí i, ìyá àgbà tí ń dúró níta kò sì mọ̀ ọ́n.

Orúkọ àbíkú

Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Èyí tó kẹ́yìn ni orúkọ ọba Èkó láti 1845 títí di 1851.

Oríkì

Kí a má ṣe fi èyí sílẹ̀ fún ìyá àgbà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n pè jù: Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àyìndé fún ọkùnrin, Àṣàkẹ́, Àníkẹ́, Àbẹ̀bí, Àdùkẹ́ fún obìnrin. Ọmọ tó ń sunkún a máa gbọ́ Àníkẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ tó wà nínú ìwé.

Ohun èlò

Omi, iyọ̀, oyin, obì alábàta kan, orógbó kan, odidi atare kan, epo pupa díẹ̀ àti ẹja àrọ gbígbẹ kan ti tó. Àdúrà ni ọmọ ń gbà, kì í ṣe àgọ́ àti ìlù tí ẹni tí ń jẹ gbèsè ń gbà káàkiri. Kí oyin má ṣe kan ahọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí ó lè dá àrùn sí i lára: kí ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò fún un. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí a kọ gbogbo orúkọ ọmọ pẹ̀lú àmì ohùn sínú ìwé ẹbí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí a sì lo ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà nínú ìwé ọjọ́ ìbí àti ti ilé-ẹ̀kọ́, nítorí Táyé nínú ìwé kan àti Táíwò nínú èkejì ni í lé àgbàlagbà lọ sí kóòtù lọ búra.