Alárinà Fóònù Iṣẹ́

Fóònù tí iléeṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Wi-Fi ọ̀fẹ́ tó bá pàdé lójú ọ̀nà sì lè jẹ́ ti olè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi kọ̀ǹpútà alárinà, tí wọ́n ń pè ní proxy, sáàárín fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò yẹ iṣẹ́ tí fóònù rán wò, yóò dá ìkànnì tó léwu dúró, yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Squid, tó jáde ní 1996, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá sọ ọ̀rọ̀ di àrokò kó tó kúrò nínú fóònù, olè yóò ṣì kà á.

Bí ìkànnì bá jẹ́ ti https, orúkọ rẹ̀ nìkan ni alárinà ń rí, àfi bí iléeṣẹ́ bá ti fi ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ sínú fóònù. Nígbà náà, ó lè ka lẹ́tà wa. Ìyẹn gan-an ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ká tó gba fóònù.