Ẹ Ka Ìwé Náà Kí Ọmọ Yín Tó Lọ

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ́ ti òbí tí ọmọ rẹ̀ mọ eré ìdárayá. Ọmọ lè mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ó lè mọ eré sá. Ó lè ga, kí ó sì mọ bọ́ọ̀lù jù sínú àwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan lè wá bá yín nílé. Yóò ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ń fẹ́ ọmọ yín, wọn yóò sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí eré rẹ̀. Kí ni ẹ ó ṣe?

Mo ní ìdí tí mo fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá. Ìyá kan wà ní kíláàsì wa ní Dowa níbí. Gàrí ni ó ń tà ní ọjà Wàndó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó sì mọ básíkẹ́ẹ̀tì púpọ̀. Ọkùnrin kan wá bá wọn. Ó ní òun ti bá yunifásítì kan sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà. Ó ní kí ìyá san 300.000 fráǹkì kí ọ̀nà lè là. Ìyá náà sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn kíláàsì. Mo bá a yọ̀. Mo ní, "Ìyá wa, ire ni. Kí Ọlọ́run fọwọ́ sí i." N kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ìwé náà wá. Ó ti san 150.000 fráǹkì. Ó ti tẹ ìka sí ìwé náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. A gbé e lọ bá olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kà á fún wa. Kò sí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni yóò san owó ẹ̀kọ́ ọmọ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé, fún ọdún 10, ọkùnrin náà ni yóò máa gba ìdajì owó tí ọmọ bá rí nídìí eré. A pe ọkùnrin náà, fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Títí di òní, owó náà kò padà.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní ìwé kíkà, n kò sọ pé kí a kọ́kọ́ ka ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀.

Ṣé òtítọ́ ni pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni mẹ́ta.

Ẹni kìíní ni Hakeem Ọlájùwọ́n. Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1963. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe òwò símẹ́ǹtì. Ní ọdún 1980, ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún àkọ́kọ́, kò bá wọn gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje. Ìwé ni ó ń kà, ó sì ń kọ́ eré. Ní ọdún 1983 àti 1984, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni ó di agbábọ́ọ̀lù tí ń gba owó. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1994 àti 1995.

Ẹni kejì ni Tóbi Amúsàn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1997. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Eré sísá ni ó gbé e dé yunifásítì kan ní ìlú El Paso, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ó sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12,12. Kò sí obìnrin tí ó ti sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹni kẹta jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀. Mouphtaou Yarou ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Natitingou ni. Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Yunifásítì Villanova, ó sì gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún wọn láti ọdún 2009 títí di 2013.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Inú ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀nà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kọjá. Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni ó gbé wọn débẹ̀.

Báwo ni ọ̀nà náà ṣe rí?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ní ẹgbẹ́ eléré, àwọn ènìyàn sì ń sanwó láti wo eré wọn. Ẹgbẹ́ ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NCAA ni ó ń ṣe òfin fún púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ju 1.000 lọ. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí. Àwọn ti ìpele kìíní àti ìkejì lè fún ọmọ ní bourse nítorí eré. Àwọn ti ìpele kẹta kì í fúnni ní bourse nítorí eré rárá. Bí ẹnì kan bá dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan fún yín, ẹ béèrè ìpele tí ó wà.

Kí ọmọ tó lè ṣeré ní ìpele kìíní tàbí ìkejì, ọ́fíìsì kan ní NCAA yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Wọn yóò wo ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama àti máàkì tí ó gbà. Bí ìwé bá jẹ́ ti èdè Faransé, wọ́n lè ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ọmọ yín: ìwé ìbí rẹ̀, bulletin ọdọọdún, BEPC àti BAC. Ẹ fi wọ́n sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí èkúté jẹ ẹ́. Ọmọ tí kò ní BAC, tí máàkì rẹ̀ kò dára, ilẹ̀kùn yìí lè má ṣí fún un, bí ó ti wù kí ó ga tó.

Ohun mìíràn wà. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú alágbàtà tàbí ẹgbẹ́ tí ń san owó, ìyẹn lè ṣèdíwọ́ fún un. Ìtẹ̀ka kan ṣoṣo lónìí lè ti ilẹ̀kùn ọ̀la.

Físà ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fún ọmọ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní I-20. Ìwé yìí ni ọmọ yóò mú lọ sí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà láti béèrè físà. Ìjọba Amẹ́ríkà nìkan ni ó lè fúnni ní físà, ó sì lè kọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìjọba náà kéde pé òun yóò dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún àwọn ará orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà nínú wọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè yí padà nígbàkígbà. Ọ́fíìsì aṣojú wọn ní Kútọnu ni kí ẹ ti béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún yín pé físà ti dájú lọ́wọ́ òun, irọ́ ni ó ń pa.

Ìbéèrè méje tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

1. Kí ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà? Ìlú wo ni ó wà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

2. Ta ni olùkọ́ eré níbẹ̀? Lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wá. Ẹ ní kí ọmọ yín wá nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pè é. Ẹ má pe nọ́ńbà tí ọkùnrin náà fún yín nìkan.

3. Kí ni bourse náà yóò san? Owó ẹ̀kọ́ wà, ilé gbígbé wà, oúnjẹ wà, ìwé wà, ọkọ̀ òfuurufú sì wà. Bourse púpọ̀ kì í san gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò san ìyókù?

4. Ọdún mélòó ni? Bí ó bá jẹ́ ọdún kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì?

5. Bí ọmọ bá fara pa ńkọ́? Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Ṣé yóò lè máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ?

6. Ta ni a ń san owó fún? Owó tòótọ́ wà láti san, bí i ti páspọ́ọ̀tù, ti físà àti ti ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ó ni ín ni a ń san án fún, a sì ń gba rìsíìtì. Olùkọ́ eré tòótọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ òbí kí ó tó fún ọmọ ní bourse.

7. Kí ni èrè ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ wá? Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orí ọmọ yín fọ́ àgbọn.

Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Òfin FIFA sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní òkèèrè. Àyè díẹ̀ wà nínú òfin náà, bí i kí òbí ṣí lọ sí ibẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ òbí, wọn a mú ọmọ dé Yúróòpù, wọn a sì fi í sílẹ̀ ní ìgboro láìsí ìwé, láìsí oúnjẹ. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Jean-Claude Mbvoumin, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Kamẹrúùnù rí, fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2000 láti ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Foot Solidaire ni orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ má dá ọmọ lẹ́kun eré. Eré dára fún ara, ó sì lè ṣí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé àti eré máa rìn pọ̀. Bí ìwé bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, a ó wá ẹni tí yóò kà á fún wa. Ìwé rere kì í sá fún ẹni tí ó fẹ́ kà á.

Ìyá wa tí ó ń ta gàrí ṣì ń wá sí kíláàsì. Ó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí, kì í tẹ ìka mọ́. Ọmọ rẹ̀ sì ń múra sílẹ̀ de BAC. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin mìíràn tún wá bá a pẹ̀lú ìwé. Ìyá náà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mò ń lọ sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀." Ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni kò sí nínú ìwé tí ìyá náà tẹ ìka sí?
2. Ìwé ọmọ wo ni ó yẹ kí òbí tọ́jú?
3. Ta ni ó lè fúnni ní físà?
4. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá nítorí ọmọ yín.